Ta Ló Fún Un Lówó, Kí Ló Sì Fẹ́ Gbà Padà?

Àsàlámù aláékúmù wàráhmátúlláhì wàbàrákátúhù, ẹ̀yin ará mi ní Adó, Ìkéré, Ìkọ̀lé, Ìjerò àti gbogbo Èkìtì. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ owó tí olùdíje fi ń polongo ìbò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ibn al-Lutbiyya lọ gba sàká. Nígbà tó padà dé, ó ní: "Tiyín nìyí, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Inú bí Ànábì. Ó gun mínbárì, ibi ìwàásù, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á gbé ẹ̀bùn wá bá a? Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló gbà á wá.

Ẹ wá wo ìbò ààrẹ. Ní 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ, PDP ta tiẹ̀ ní mílíọ̀nù 40. Owó oṣù àti àjẹmọ́nú ààrẹ nígbà náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 lọ́dún. Ẹ ṣírò ọdún mẹ́rin, kò tó owó fọ́ọ̀mù APC! A ò tíì dé orí bàálù, rédíò àti pátákó. Òfin ìdìbò 2022 ní kí olùdíje ààrẹ nígbà náà má ná ju bílíọ̀nù 5 lọ, kí ẹnì kan má sì fún un ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ẹni tó kó mílíọ̀nù 50 sílẹ̀, ṣé á gbé e wá bí olùdíje náà bá jókòó sílé bàbá rẹ̀? Ọwọ́ afúnni ní í lékè. Iṣẹ́ kọngílá àti ìwé àṣẹ ló máa fi gba tiẹ̀, láti inú owó ọ̀nà àti ọsibítù wa. Súrátù Bákárà, áyà 188, ti kìlọ̀ fún wa pé ká má fi èrú jẹ owó ara wa, ká má sì fi owó wá ojú rere aláṣẹ ká lè jẹ nínú dúkìá ẹlòmíì.

Nígbà tí Abu Bakr di khalífà, ìyẹn olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, tí iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kó ráyè òwò rẹ̀ mọ́, àpò ìlú ni ìdílé rẹ̀ ti ń jẹun. Kò sí ọlọ́rọ̀ tó lè sọ pé òun ló ń bọ́ ọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí owó ìlú padà sínú ìpolongo nìyẹn. INEC ti ń pín in fún ẹgbẹ́ òṣèlú rí, kí òfin 2010 tó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n kí gbèdéke owó olówó náà múlẹ̀ o: Amẹ́ríkà ní irú owó yìí, ní 2008 Obama kò gbà á, torí èyí táwọn ènìyàn ń dá fún un pọ̀ jù ú lọ.

Àwa náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì ni gbogbo ayé ti gbọ́ "dìbò kó o sebẹ̀" ní 2018. Ènìyàn á tẹ̀ka tán, á gbé ìwé ìbò sókè díẹ̀ kí aṣojú ẹgbẹ́ rí i, á wá gba ẹ̀yìn ilé lọ gbowó. Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á.

Àwọn kan ń bi mí pé: "Àlùfáà, tí mo bá gbà á, tí mi ò dìbò fún un ńkọ́?" Rárá o. O ti jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, o sì fi irọ́ kún un. Lábẹ́ òfin 2022, ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà, tàbí méjèèjì, ni wọ́n là sílẹ̀ fún un nígbà náà, yàtọ̀ sí ìbéèrè ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Bàrákà Jímọ̀ á kárí wa.