Gbèsè, Mọ̀lẹ́bí Tó Wà Nílé, àti Clearance Ìjọba Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn kó tó lè rí àwọn ìwé àṣírí wọn, ni mo bá àwọn ará wa sọ ní Maryland, mo ní kí n kọ ọ́ síbí fún àwọn tí ò ráyè wá. Ohun tí wọ́n bi mí jù ni pé, "Ṣé tórí mo jẹ gbèsè, tí màmá mi ṣì wà n'Íbàdàn, wọn ò ní fún mi ní clearance nìyẹn?" Rárá o. Tẹ́ ẹ bá ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ lè gbà á, àmọ́ green card nìkan ò lè gbé yín débẹ̀.

SEAD 4 ni òfin tí wọ́n ń lò láti oṣù kẹfà 2017, ìlànà 13 ló wà nínú ẹ̀, A títí dé M. Tiwa sábà máa ń já sí F, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó, àti B, ìyẹn èèyàn wa tó wà lókè òkun.

Ohun tó ń ba ìjọba lẹ́rù nínú gbèsè ni pé ọwọ́ tó há lè ta àṣírí. Aldrich Ames tó ń ṣiṣẹ́ ní CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló bá lọ ń ta àṣírí fún àwọn Rọ́ṣíà ní 1985, wọn ò rí i mú títí di 1994, èèyàn sì ti kú sí i. Fọ́ọ̀mù SF-86 tẹ́ ẹ máa kọ̀rọ̀ sí fún clearance máa bèèrè gbèsè tó kọjá ọjọ́ 120 láìsan láàárín ọdún 7, àti táàsì tẹ́ ẹ ò fáìlì. Àmọ́ wọ́n máa wo ohun tó fà á. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tó wá pe àwọn tó jẹ lówó tó ń san díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ju lẹ́tà wọn sí dọ́sìbìn.

Ti mọ̀lẹ́bí ló tún wá le jù fún wa. Bàbá, ìyá, ọmọ, bàbá àti ìyá ọkọ tàbí ìyàwó yín, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ kọ, ọbàkan náà wà níbẹ̀! Bí bàbá yín bá bí mẹ́rìnlá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́ta, gbogbo wọn lẹ máa kọ, títí kan ẹni tó ti kú. Àmọ́ "ẹ̀gbọ́n" yín tó jẹ́ ọmọ àbúrò màmá yín, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lójú fọ́ọ̀mù yẹn o, apá 19 ni tiẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣì ń bára yín sọ̀rọ̀ déédéé. Ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó ní gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n òun, la bá bú sẹ́rìn-ín. Owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé, ilé tẹ́ ẹ kọ́ síbẹ̀, ẹ kọ gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹnì kan lè tipasẹ̀ àwọn èèyàn yẹn fúngun mọ́ yín, ìdí nìyẹn tí àbúrò tó jẹ́ sójà tàbí tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ fi máa ń gba àlàyé gígùn.

Ẹ má pa nǹkan kan mọ́, èmi ò mọ ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju ìyẹn lọ. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Wọ́n tún bèèrè pé kí làwọn fẹ́ kọ sí ọjọ́ ìbí màmá tó ní ọdún tí wọ́n kó kòkó tó pọ̀ ni wọ́n bí òun. Ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máàkì àpótí "Est." tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.