Ta Ló Tú Eku Méjèèjì Sílẹ̀ Lọ́jọ́ Kan Náà?

Ohun tí mo bá àwọn òbí, olùkọ́ àti kóòṣì sọ nílùú Ìbàdàn nìyí. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò. Mo fi àwàdà sílẹ̀, torí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń rántí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin kóòṣì tí ẹ fi pápá sílẹ̀ wá gbọ́ mi, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ eléré ìdárayá ṣe lè máa lọ díje nílùú onílùú láì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dojú rú. Mo ti gbọ́ ti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Òwe kan náà ni wọ́n máa ń pa fún mi: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ó dáa, mo gbà. Ta ló wá tú eku méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ló kọ ètò ìdánwò, òun náà kọ́ ló kọ ètò ìdíje. Àgbàlagbà méjì tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló kọ ọ́, ọmọ la wá ń bi pé èwo ló fẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. 90 ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀lù. Bí UI Pirates, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Ìbàdàn, bá lọ bá OAU Giants, ti yunifásítì Ifẹ̀, ní Ifẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ò tó 100 kìlómítà. Ọmọ lè jókòó ní kíláàsì àárọ̀, kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, kó sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lálẹ́. Bó bá wá jẹ́ Nsukka ni wọ́n ń lọ ńkọ́? Ẹ gba Benin, ẹ gba Asaba, ẹ sọdá odò Niger, ẹ wọ Onitsha, ọ̀nà ṣì kù. Ó lé ní 400 kìlómítà. Lásìkò tí a wà yìí, awakọ̀ tí orí rẹ̀ pé kò ní rin ọ̀nà yẹn lóru. Ojúmọmọ ni wọ́n máa lọ, ojúmọmọ ni wọ́n máa bọ̀: ọjọ́ kan fún lílọ, ọjọ́ kan fún eré, ọjọ́ kan fún bíbọ̀. Bọ́ọ̀lù ò yàtọ̀, 90 ìṣẹ́jú náà ni. Kíláàsì ọjọ́ mẹ́ta sì ti lọ. Ṣé eré ló jẹ ẹ́ ni, àbí ọ̀nà?

Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní mo ti tún gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà mi dé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbé e dé.

Wákàtí kíláàsì nìkan kọ́ ni ọ̀nà ń jẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn eléré ìdárayá Kano tó wá díje ní Abẹ́òkúta níbi Ayẹyẹ Eré Ìdárayá Àpapọ̀ ń padà sílé. Wọ́n ti wọ ìpínlẹ̀ wọn kí bọ́ọ̀sì tó já bọ́ lórí afárá. Ènìyàn 22 ló kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ó jọ pé àárẹ̀ awakọ̀ tàbí eré àsápajúdé ló fà á. Nítorí náà, bí mo bá ní kí ilé-ìwé sanwó kí ẹgbẹ́ sùn lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní fàájì. Ètò ìdíje tí kò bá ka oorun awakọ̀ mọ́ ọjọ́ ìrìn àjò kò tíì tó ètò.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà ti yanjú ẹ̀. Ta ló sọ fún yín? Lóòótọ́, NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì wọn, ṣe òfin pé nígbà ìdíje, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ lò ju 20 wákàtí lọ́sẹ̀ kan lórí eré, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lóòjọ́. Òfin gidi ni. Ẹ wá wo inú rẹ̀ dáadáa: ọjọ́ ìdíje, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà á sí. Ìrìn àjò ńkọ́? Wọn kì í kà á rárá. Ọmọ lè jókòó sínú bálúù àti bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, lójú òfin, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà náà ló sọnù nínú ìṣirò àwọn òyìnbó?

Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n tún fi kún un. UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, wọ líìgì Big Ten, líìgì kan náà tí yunifásítì Rutgers wà, ní New Jersey lẹ́bàá òkun kejì. Ibẹ̀ jìn tó nǹkan bí 3,900 kìlómítà sí ibi tí UCLA wà, aago wọn sì fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀ síra. Stanford àti Cal, yunifásítì méjì ní California, ṣe èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: etí òkun Pàsífíìkì ni wọ́n wà, wọ́n wá lọ wọ líìgì tí wọ́n fi òkun Àtìláńtíìkì sọ lórúkọ! Owó tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló fà á. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn oníbọ́ọ̀lù yẹn sì ń gbá tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, tí wọ́n lè díje lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ni wọ́n ń gbé ìwé kẹ́mísìrì kiri pápákọ̀ òfuurufú.

Bó ti wù kó rí, ohun méjì kan wà lọ́wọ́ wọn tí mo fẹ́ ká jí. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ká jí i.) Èkíní ni lẹ́tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ọmọ máa ń mú lẹ́tà tí gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lọ. Níbí, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni kóòṣì á fi WhatsApp ránṣẹ́ pé “aago mẹ́fà àárọ̀ la ń gbéra.” Èkejì ni pé bí olùkọ́ bá fọwọ́ sí i, ìwé ìdánwò lè bá ẹgbẹ́ rìn. Wọ́n á fi í sọ́wọ́ ẹni tí ilé-ìwé fọkàn tán, ọmọ á sì jókòó kọ ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní wákàtí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ tiwọn nílé.

Nílé wa ńkọ́? Ẹ mọ òfin náà: ẹni tí kò bá wá sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì, kó má wá sídìí ìdánwò. Ọmọ wọ aṣọ yunifásítì, ó ń sáré fún yunifásítì, yunifásítì kan náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá! Ẹ rántí NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ti ọdún 2022. Ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ níbí nílùú Ìbàdàn ní 1966 ni. UNILAG gbà á lálejò lóṣù Kẹta, ASUU sì ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn ò wọlé títí di oṣù Kẹwàá. Kò sí kíláàsì, kò sí tẹ́ẹ̀sì, kò sí olùkọ́ tó ń pe orúkọ. Ẹ wá rí i pé ìjà eré àti ìwé lè parí ní Nàìjíríà: kí ẹ ṣáà ti ilé-ìwé pa.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá kan fi dìde láàárín gbọ̀ngàn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi yunifásítì sílẹ̀ ná. SS3 lọmọ tèmi wà. 400 mítà ló ń sá. Ìdíje wọn bọ́ sí àárín WAEC. Kí ni kí n ṣe?”

Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè yìí lágbára ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọdún 2025. WAEC bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin, ó parí lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà. Ayẹyẹ Eré Ìdárayá Àpapọ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan? Ọjọ́ 16 sí 30 oṣù Karùn-ún, àárín gbùngbùn rẹ̀. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ọjọ́ 28. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: WAEC ń sá fún kí ìbéèrè má tú síta, ìwé ò tètè dé, ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn ọmọ, níbòmíràn tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ríran. Nígbà tó kan WAEC, aago ṣeé yí. Bó bá ti kan ọmọ eléré ìdárayá, òfin ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń kọ, ní wákàtí kan náà. Bí ọmọ bá wà ní Abẹ́òkúta fún ìdíje ìjọba, kí ló dé tí kò lè jókòó sí girama kan níbẹ̀ kọ ọ́? Olùkọ́ kan ní àwọn oníjìbìtì á rí ibẹ̀ wọlé. Fọ́tò ọmọ ò ha wà lọ́wọ́ WAEC? Èyí tí kò tiẹ̀ ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ tún wà: kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ìjọba wo kàlẹ́ńdà WAEC kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò lè dúró de ìyẹn. Mo ní: màmá, ẹ gba ètò ìdánwò ọmọ yín, ẹ fi àmì sí ọjọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ààyè máa ń wà láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi kóòṣì pé ọjọ́ wo gan-an ni 400 mítà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè dé lẹ́yìn ẹgbẹ́, kó sì kúrò ṣáájú wọn, bí àgbàlagbà bá tẹ̀ lé e. Ẹ bèèrè ẹni tó máa sanwó ọkọ̀ yẹn báyìí o, torí wọ́n á dákẹ́. Bí ọjọ́ méjèèjì bá kọlura pátápátá, kí ó kọ WAEC. GCE, ìdánwò WAEC tí èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ kọ, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó míì ni, ó sì lè gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ.

Alága ti ń wo aago. Mo sáré mẹ́nu ba òfin Texas tí àwọn ará wa ní Houston mọ̀ láti 1984: ọmọ tí kò bá gba 70, kò ní bá wọn díje. Ó dáa, àmọ́ ọmọ nìkan ló ń bá wí, kò bá ẹni tó kọ ètò ìdíje wí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ojú ọ̀nà àti ti adójútòfò ìlera, n kò débẹ̀ mọ́.

Kóòṣì kan wá kígbe láti ẹ̀yìn pé mo ti ta àwọn fún WAEC. Mo ní kó fi ètò ìdíje sáà tó ń bọ̀ hàn mí, kí èmi àti ìyá yìí jọ wò ó. Ó ní wọn ò tíì fi ránṣẹ́ sí òun. Gbọ̀ngàn pariwo, alága sì lu agogo.