Ta Ló Ń Bá Ọ Wo Ẹ̀yìn Rẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹgbẹ́ Àwọn Onípáráṣúùtù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, nìyí. Wọ́n ní kí n gé e kúrú kí n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yọ ibi tí mo ti ń wá ojú ìwé, mo yọ ibi tí iná ti lọ. Àwàdà àti èébú wà níbẹ̀ bí mo ṣe sọ wọ́n.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nígbà tí alága pè mí, “ẹgbẹ́ láyé òde òní” ló ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti rò pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni màá mú. Mo ní rárá o, àwọn tó ń bẹ́ láti inú bàálù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá báyìí?” Ara mi yá.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: mi ò bẹ́ rí, mi ò sì ní bẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Florida ló ń bẹ́. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí i, á gbé mi lọ sí pápá wọn, á fún mi ní àga oníke, èmi á jókòó sábẹ́ ibòji máa wojú ọ̀run. Àdúrà ni mo bá lọ síbẹ̀ o. Nígbà tó yá ni mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò nílẹ̀ dùn ún wò ju bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ lókè lọ, ni mo bá fi àdúrà sílẹ̀, mò ń ṣọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná. Bàálù á gbé wọn lọ sókè, nǹkan bí 4,000 mítà. Wọ́n á bẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á máa já bọ̀ bí ọkọ̀ tó ń sá eré 190 kìlómítà ní wákàtí kan, kí wọ́n tó ṣí páráṣúùtù, aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ dúró kí wọ́n má bàa já lulẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á rọra sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ẹni tí kò bá rójú ẹlòmíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò lè bá a ṣe ọ̀rẹ́. Ibòmíràn ni ọ̀rẹ́ wọn ti wá.

Àwọn kan wà tó ń kọ̀wé nípa eré yìí, ewu ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ló so wọ́n pọ̀, pé ẹni tí ìwọ àtòun bá jọ wojú ikú kò ní jáde lọ́kàn rẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ewu ló ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwa tí à ń wọ ọkọ̀ láti Lafẹ́nwá lọ sí Òṣòdì ì bá ti di ọmọ ìyá kan náà. Èèyàn mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, bíréèkì ń han, awakọ̀ ń tẹ fóònù, a ò sì ní mọ orúkọ ara wa títí a ó fi sọ̀. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, nínú bí ìgbà 3,650,000 tí wọ́n bẹ́ láti inú bàálù, èèyàn 10 ló kú. Kí ẹgbẹ́ onímọ́tò kan mú ìṣirò tiwọn wá ká fi í wé e.

Tèmi ni pé, ọwọ́ ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹ̀rù.

Àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, páráṣúùtù méjì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò àti èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ tí tàkọ́kọ́ bá kùnà. Ohun tó pa ìdè àpò náà dé kò ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí wọ́n kì bọ inú ojú okùn kékeré. Tí irin náà bá tẹ̀, ó lè má yọ lásìkò. Tó bá sì ti yọ díẹ̀ ṣáájú, àpò lè ṣí nígbà tí wọn ò fẹ́ kó ṣí, àní nínú bàálù, kó sì kó bá gbogbo èrò ibẹ̀. Níbo ni irin yìí wà? Ẹ̀yìn ni. Ẹni tó gbé e kọ́ ò lè rí i. Àwọn bàbá wa ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni.

Torí náà, wọ́n ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó gbé e wọ̀, kí wọ́n tó wọ bàálù, àti kí wọ́n tó bẹ́. Nígbà tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn ẹni, ẹlòmíì ló máa yẹ ti ẹ̀yìn wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀. Ó rìn lọ bá ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa lágbọ̀n rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ṣí ìbòrí àpò, ó tẹ̀ kó lè rí i dáadáa, ó fi ìka kan tọ ara irin náà títí dé ibi tó ti wọ ojú okùn, ó pa ìbòrí dé, ó sì fàtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì pé ó ti dára. Ìyá náà yíjú padà, ó ní kí òun náà kẹ̀yìn. Ó wo tirẹ̀, ó tún fa bẹ́líìtì àyà rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá béèrè orúkọ ara wọn! Mo wo àbúrò mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra wa níbí.”

Ẹnì kan máa sọ pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn. Lóòótọ́, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú àpò tó ń ṣí páráṣúùtù kejì fúnra rẹ̀ bí ẹni náà bá ṣì ń já ṣòòrò nígbà tó ti sún mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, ará Jámánì kan, Helmut Cloth, ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 1991. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sọ fún ọ nílẹ̀ pé irin rẹ tẹ̀.

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ta ló yẹ kó kọ́ ta ni ní nǹkan yìí? Líṣàbí ṣe é fún yín kí ẹnikẹ́ni tó fò. Ẹ mọ ìtàn náà jù mí lọ. Àáró ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, gbogbo wa á gbé ọkọ́ dé. Àwọn ìlàrí, ìyẹn aṣojú Aláàfin Ọ̀yọ́ láàárín wọn, ń wò wọ́n, wọ́n rò pé àgbẹ̀ lásán ni wọ́n. Ẹni tó bá sì ti bá ọ roko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, o ti mọ ọwọ́ rẹ̀, o ti mọ èyí tó ń fi èpò sílẹ̀ sábẹ́ ewé. Ìgbà tí àáró wá di Ẹgbẹ́ Olórógun, ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta la lè finú tán.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ tiwa nísinsìnyí. Owó oṣù, aṣọ ọdún, fìlà, kúlà mẹ́rin ní Kútọ̀, àti olórin tó ń pe orúkọ wa títí owó fi tán lápò. Mi ò ní ká má náwó. Mo kàn ń bèèrè ni. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ jọ wọ léèsì aláwọ̀ kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta lo lè kẹ̀yìn sí? (Wọ́n pariwo níbí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kí n má dárúkọ o. Mi ò dárúkọ.)

Nǹkan kejì tó so wọ́n pọ̀ ni ìdúró. Bí atẹ́gùn bá le, bí kùrukùru bá bolẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bẹ́. Wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn kan ní àgọ́ lẹ́yìn pápá, àwọn kan ń sùn nínú ọkọ̀ àfiṣelé, àwọn mìíràn á nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ká páráṣúùtù. Ìgbà yẹn ni ògbólógbòó ń kọ́ ọmọ tuntun. Wọ́n á tò sórí koríko, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á máa rìn yípo láti fi ohun tí wọ́n máa ṣe lókè dánra wò, torí kò sí pé o fẹ́ sọ̀rọ̀ lókè, atẹ́gùn á gbé e lọ. Ẹni tó bá kọjá á rò pé wèrè ni wọ́n. Bí wọ́n bá sọ̀ tán, wọ́n á péjọ sídìí fídíò, wọ́n á máa jiyàn pé ta ló já kọjá ibi tó yẹ kó wà. Àríyànjiyàn yẹn gùn ju fífò lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Alága ti gbé aago rẹ̀ sókè. Ẹ wò ó, kókó méjì péré ni mo tíì sọ nínú márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sáré.

Ẹ̀kẹta, gbèsè bíà. Ohunkóhun tí o bá ṣe nígbà àkọ́kọ́ ní pápá, bíà lo máa rà fún gbogbo ilé. O kọ́kọ́ bẹ́, bíà. O ra àpò tìrẹ, bíà. O ṣàṣìṣe, o bọ́ sóko olóko, bíà. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “n kò ṣe èyí rí” ti jẹ gbèsè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan bíà náà títí bàálù ìkẹyìn á fi sọ̀. Bí o bá sì bẹ́ pé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi páì oníkírímù gbá ọ lójú, wọ́n á sì yà ọ́ ní fọ́tò.

Ẹ̀kẹrin, àìṣe ìlara. Lọ́jọ́ 16 oṣù Ògún 1960, Joe Kittinger, ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà, bẹ́ láti nǹkan bí 31 kìlómítà sókè. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ́ láti ibi tó ga jùyẹn. Lọ́jọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2012, Felix Baumgartner bẹ́ láti nǹkan bí 39 kìlómítà ní Roswell, ó sì gba ipò náà. Ohùn ta ló ń gbọ́ létí ní gbogbo ìgbà tó fi ń gòkè, tó ń sọ ohun tó kàn fún un ní ìkọ̀ọ̀kan? Kittinger ni. Ẹni ọdún 84! Ó jókòó sídìí rédíò, ó ń ran ẹni tó fẹ́ gba oyè rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọn ò ní gé wáyà rédíò náà.

Ẹ̀karùn-ún, mo fẹ́ sọ ti èèyàn 400 láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 30, tí wọ́n di ara wọn mú lójú ọ̀run Udon Thani ní Thailand lọ́jọ́ 8 oṣù Èrèlé 2006, mo sì fẹ́ sọ ti bí wọ́n ṣe ń gbé eérú òkú ẹlẹgbẹ́ wọn gòkè, tí wọ́n á tú u sínú atẹ́gùn. Àsìkò ò sí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló sì gba gbogbo àsìkò tó kù. Obìnrin kan dìde lọ́ọ̀ọ́kán, aránṣọ ni, ní Sápọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Ẹ ti sọ ti ẹni tó ń bẹ́, ẹ ti sọ ti ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Ta ló ń ká aṣọ náà? Torí èmi ni mò ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún wọn nílùú yìí. Wọn kì í pè mí síbi òde.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè yẹn wọlé sí mi lára.

Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ ló ń ká tiwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n ní pápá ńlá, àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn. Orí eékún ni wọ́n ń wà láti àárọ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ náà, wọ́n á to okùn rẹ̀, wọ́n á fi àyà dùbúlẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tán, wọ́n á sì fipá kì í bọnú àpò. Iye tí wọ́n bá ká ni wọ́n ń gbowó lé. Ti páráṣúùtù kejì yàtọ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń ká a. Ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ tú u, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó tún un ká láàárín ọjọ́ 180, wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Á buwọ́ lùwé, á sì fi èdìdì tó ní àmì tirẹ̀ dè é. Bí èyí tó ká bá yọ èèyàn lọ́jọ́ burúkú, àṣà ni pé kí onítọ̀hún ra ìgò ọtí gidi kan wá fún un.

Ó kù díẹ̀ kí n máa yọ̀ pé mo ti dáhùn. Obìnrin náà ò jókòó. “Ìyẹn ẹni tó ká èyí tó ṣí lọ́jọ́ burúkú. Ẹni tó ká èyí tó ń ṣí lójoojúmọ́ ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ńlá. Ó gbé mi padà sídìí àáró. Mo ní kó wo inú àwọn tó ń ká a yẹn. Àwọn kan nínú wọn náà ń bẹ́. Owó kíká ni wọ́n fi ń san owó bàálù. Àwọn wọ̀nyẹn wà nídìí bíà lálẹ́, torí tó bá di ọ̀la, àwọn náà á kẹ̀yìn, ẹlòmíì á wò ó fún wọn. Èyí tó jẹ́ pé owó nìkan ló ń bá wá, tí kì í bẹ́, orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń rí i. Wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á fi owó kún owó rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn tirẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí rẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò tíì sọ ọ́ di ẹlẹgbẹ́ rẹ. Àfi kí ó yí po. Líṣàbí ò ní kí wọ́n máa wá ro oko òun nìkan.

Alága ẹgbẹ́ kan tó jókòó níwájú wá dìde, ó ní òun máa fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí aránṣọ náà fún òde wọn tó ń bọ̀. Obìnrin náà dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó aṣọ ọdún tó kọjá tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́ ná.