Ó Ti Ń Kán Kí N Tó Dé

Ẹ kàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ṣé ẹ jí ire?

Láti òru ọjọ́ Ajé ni ẹrù kan ti wà lọ́kàn mi. Àbúrò mi kan, ọmọ tí orin máa ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, orin ò wá mọ́." Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, lẹ́yìn náà ó pa á. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọrin ni mo dìídì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí o ò bá tilẹ̀ mọ orin í gbè, má dìde o. Aginjù kì í béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kó tó gbani lálejò.

Ẹ bá mi ṣí Sáàmù 63. Ẹ má fo àkọlé rẹ̀: Sáàmù Dáfídì, nígbà tó wà ní aginjù Júdà. "Ọlọ́run, ìwọ ni Ọlọ́run mi, ní kùtùkùtù ni èmi yóò máa ṣe àfẹ́rí rẹ." Lẹ́yìn náà ló sọ ibi tó wà: ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ tí ń pòùngbẹ, níbi tí omi kò sí. Ọkùnrin yìí ò tíì rí omi, síbẹ̀ ó ti ń kọrin.

Ohun tó ń ṣe àbúrò mi yẹn ti ṣe mí rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Màá jókòó ti dùùrù, ọwọ́ mi á lọ síbi tó ti mọ̀. Màá rò pé orin tuntun dé, bí mo bá kọ ọ́ dé ìlà kejì, màá rí i pé orin àná ni, ẹ̀wù ni mo pààrọ̀ fún un. Àwọn èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́ o, wọ́n ṣì ń nawọ́ sókè. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù: pé kànga ti gbẹ, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi.

Ni mo bá di àpò kékeré kan, mo mú ìwé àti bírò, mo mú omi àti aṣọ òtútù, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ará ilé mi, mo lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní ilẹ̀ olókùúta kan tí èèyàn kì í gbé. Kò síná, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Mo ti rò pé bí mo bá ti ń dé báyìí ni áńgẹ́lì á máa lé orin fún mi. Kòkòrò ló lé orin fún mi. Ẹ̀fọn ló gbè é.

Lóru àkọ́kọ́, ariwo tí mo gbé láti ilé ló kún etí mi: ẹ́ńjìnnì, ìró fóònù tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ègbè orin àwọn ẹlòmíì tó ń yí po lórí mi bí eṣinṣin. Lóru kejì, inú bí mi sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ṣé torí kí n wá ka ìràwọ̀ ni?" Kò dá mi lóhùn.

Lóru kẹta, òtútù jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Afẹ́fẹ́ ti dá. Mo gbọ́ nǹkan lẹ́yìn orí mi: kán. Mo dúró. Kán-kán. Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé àlá ni. Kán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fọwọ́ tọ ara àpáta náà lọ títí ọwọ́ mi fi kan ibì kan tó tutù, tó rọ̀ bí irun orí ọmọ tuntun. Mo gbójú sí i. Omi ń kó ara jọ sí ṣóńṣó òkúta kan. Ó wú, ó gbọ̀n, ó jábọ́. Nísàlẹ̀ ibi tó ń bọ́ sí, kòtò kan wà lára òkúta náà tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi, omi kún inú rẹ̀, ó mọ́ lóló.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe omi ọjọ́ mẹ́ta ló gbẹ́ kòtò sára òkúta. Omi yẹn ti ń kán lóru tí mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń kán lóru tí mò ń bínú. Ó ṣeé ṣe kó ti máa kán kí wọ́n tó bí mi. Ohun tó wá yé mi sí i nígbà tó yá ni pé òjò tó ti rọ̀ sẹ́yìn ni irú omi bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á fà á mu, èèyàn á rò pé ó ṣègbé, àpáta á sì máa sẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, nígbà míì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó yọ lódì kejì. Omijé rẹ tí o rò pé ilẹ̀ ti mu, ṣé o rí i báyìí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ lu itan mi bó ṣe ń kán: ẹyọ kan, méjì tó sáré tẹ̀ lé ara wọn, ìdákẹ́jẹ́. Orin wá:

Ó ti ń kán, ó ti ń kán,
Kí n tó dé ló ti ń kán;
Oore Rẹ nínú àpáta,
Kí n tó mọ̀ ló ti ń kán.

Mo kọ ọ́ títí oòrùn fi yọ. Ẹkún ò jẹ́ kí ohùn mi dúró. Orin kékeré ni, ọmọdé lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin àná.

Mi ò ní kí gbogbo akọrin di ẹrù rẹ̀ kó wọgbó lọ o. Ejò wà níbẹ̀, ìdílé ń bẹ nílé. Aginjù tìrẹ lè jẹ́ ibùsùn àìsàn, ó lè jẹ́ ilé tó dákẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ó lè jẹ́ ọdún kan tí kò sẹ́ni tó pè ọ́ wá kọrin. Mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìyà fúnra rẹ̀ ló ń bí orin. Rárá. Ẹni méjì lè sun inú ihò kan náà, kí ọ̀kan bá orin jáde, kí èkejì bá ìkorò jáde. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ orin gígùn kan létí Òkun Pupa nínú Ẹ́kísódù 15. Ọjọ́ mẹ́ta péré láìrí omi, nínú orí kan náà, wọ́n ti ń kùn ní Márà. Ẹ wá sún síwájú dé Númérì 21, nígbà tí 40 ọdún aginjù ti ń parí lọ. Wọ́n dé ibì kan tó ń jẹ́ Béérì, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ń kọrin fún kànga pé kó sun jáde, bí àwọn ọlọ́lá ti ń fi ọ̀pá wọn gbẹ́ ẹ. Létí òkun, iṣẹ́ ìyanu ló ṣáájú orin. Ní Béérì, orin ń lọ bí ọ̀pá ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbà wọ́n tó 40 ọdún kí wọ́n tó mọ irú orin kejì yẹn í kọ.

Ẹ tún wo Dáfídì. 400 ọkùnrin ló kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ihò Ádúlámù (1 Sámúẹ́lì 22): àwọn tó wà nínú ìpọ́njú, àwọn onígbèsè, àwọn tí inú wọn bàjẹ́. Bó bá lé orin níbẹ̀, àwọn tó máa gbè é nìyẹn. Nígbà tó wà ní aginjù Ẹ́ńgédì, 3,000 àṣàyàn ọmọ ogun ni Sọ́ọ̀lù fi ń wá a kiri. Òkun Iyọ̀ lọ súà níwájú níbẹ̀, omi tí ẹnikẹ́ni ò lè mu. Ṣùgbọ́n létí òkun oníyọ̀ yẹn náà ni ìsun omi dídùn ti ń tú jáde láàárín àpáta. Ìsun ọmọ ewúrẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ Ẹ́ńgédì. Nígbà tó sì ń sá fún Sọ́ọ̀lù nínú ihò, ẹ wo ohun tó sọ nínú Sáàmù 57: "Jí, ìwọ ògo mi." Ẹni tó wà nínú òkùnkùn ihò ló ní òun fẹ́ jí ní kùtùkùtù. Nínú ihò, ẹni tó bá lé orin, gbohùngbohùn ló máa bá a gbè é. Bó bá kùn, ìkùnsínú ló máa padà wá bá a. Bó bá yìn, ìyìn ni.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, má tíì pariwo.

Bàbá, a kí Ọ. A dúpẹ́ fún òru tí a sùn àti òru tí a ò lè sùn. O ṣeun tí O ò bínú lọ lóru kejì nígbà tí a bínú sí Ọ.

Olúwa, bá mi kó ariwo kúrò létí. Ariwo ìyìn èèyàn, kó o kúrò. Ariwo èébú, kó o kúrò. Ariwo orin ẹlòmíì tí mò ń jowú, Bàbá, kó òun náà kúrò. Fi ọwọ́ tútù Rẹ kan etí mi láàárọ̀ yìí, kí n lè gbọ́ ohun kékeré tó ti ń kán látọjọ́ yìí.

Dárí jì mí fún ìgbà tí mo pa òǹgbẹ mi nípa ohun tí kì í ṣe omi. Dárí jì mí fún gbogbo orin àná tí mo wọ ẹ̀wù tuntun fún, tí mo gbé wá síwájú Rẹ pé ẹbọ ọpẹ́ ni.

Ìwọ tí O ń sẹ́ òjò nínú àpáta, gba omijé mi, sẹ́ ẹ. Yọ ìkorò kúrò nínú rẹ̀. Yọ ìgbẹ̀san kúrò nínú rẹ̀. Yọ "wọ́n á mọ̀ mí lọ́jọ́ kan" kúrò nínú rẹ̀. Kí ohun tó máa yọ lódì kejì jẹ́ omi tí ọmọ ọlọ́mọ lè mu, kí inú rẹ̀ má run ún.

Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀.

Olúwa, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí ibùsùn àìsàn, fún un lórin lóru. Ẹni tó sin olólùfẹ́ rẹ̀, tí ilé dákẹ́ lé lórí, bá a kọ ìlà àkọ́kọ́, nítorí ìlà àkọ́kọ́ ló ṣòro jù. Ẹni tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ètò, tí wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, mú ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ ò lè gbé e dé.

Dídùn létí òkun oníyọ̀, Bàbá, ṣe é! Láàárín gbèsè, tú jáde! Láàárín ìjákulẹ̀, tú jáde! Láàárín àwọn tó ń wá ẹ̀mí mi kiri bí Sọ́ọ̀lù, tú jáde! Bí wọ́n bá tó 3,000, kí orin mi ju ìrìn ẹsẹ̀ wọn lọ!

Mo dojú kọ ìwọ gbígbẹ tó jókòó lé mi lọ́kàn: dìde! Ìwọ ohùn tó ń sọ fún mi pé mo ti parí, dákẹ́! O ò sí níbẹ̀ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, o ò ní í sí níbẹ̀ nígbà tó bá di ìṣàn! Kànga mi, sun jáde! Kànga àwọn baba mi tí wọ́n di pa, sun jáde! Orin tó wà nínú mi tí ìbẹ̀rù tẹ̀ mọ́lẹ̀, sun jáde! Ọ̀pá kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi gbẹ́ ilẹ̀ yìí láàárọ̀ yìí, mi ò sì ní fi sílẹ̀! Jí, ìwọ ògo mi! Jí, ọwọ́ mi! Jí, ọ̀nà ọ̀fun mi! Orúkọ Jésù ni mo fi pè ọ́, jí!

Olúwa, má jẹ́ kí n sá kúrò ní aginjù ní òru kejì.

Àti àbúrò mi yìí, Bàbá. O mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá sọ Àmín tán, màá fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Mi ò ní wàásù fún un, màá kàn kọ ìlà mẹ́rin yẹn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ láti gbọ́, jẹ́ kí ilé dákẹ́ fún un. Lẹ́yìn tí ohùn tèmi bá tán, kí ó má tètè pa á. Kí ó dúró díẹ̀ sí i. Kí ó gbọ́ tìrẹ̀.

Àmín.