Ẹni Tó Fẹ́ Gba Ọlọ́dẹ, Kó Kọ́kọ́ La Gọ́tà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ rèé. Àwọn tí kò lè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tó gbóná jù sí ìparí.

Ẹ̀yin baba mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ètò àbò àdúgbò. Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń retí. Ẹ fẹ́ gbọ́ iye ọlọ́dẹ tó yẹ kí àdúgbò gbà, irú géètì tó yẹ kí a rọ, àti bí a ṣe lè bá Àmọ̀tẹ́kùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú.

Kò yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹgbẹ́ ṣíṣe. Ìtàn tí a bá nílé ni pé kí ìlú yìí tó di ìlú, àwọn ọdẹ mélòó kan ló tẹ̀dó síbí, kálukú níbi tirẹ̀. Abẹ́ igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá, ọ̀kan nínú wọn, wà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alóńgo. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn sùnmọ̀mí tó ń jí èèyàn kó lọ tà lẹ́rú, kí wọ́n jọ máa ṣọdẹ ẹranko, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti ìgbẹ́ dé, ahéré Ògúnlọlá ni wọ́n ń pàdé sí. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á mu ọtí ọkà bàbà tí ìyàwó rẹ̀ pọn, wọ́n á ta ayò, wọ́n á sì fọ̀rọ̀ ìlú jomi toro ọ̀rọ̀. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ àbò àti ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ìgbìmọ̀ àbò jókòó sí yàrá kan, kí ìgbìmọ̀ ọ̀nà jókòó sí òmíràn. Àwa tó dé lẹ́yìn la pín in, ìpínyà yẹn ló sì ń pa wá lára.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí òpópó kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wà láàárín wa, wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín. Orí òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọra ń dà lọ títí dé etí odò. Nígbà tí àwọn onílé àkọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wọn àti ojú títì dọ́gba. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ jáde nílé á sọ̀ kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọ̀nà. Kí ló gbé ọ̀nà lọ sísàlẹ̀? Ẹ ní àgbàrá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbàrá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwa ni. Ọdọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, ẹgbẹ́ á dá owó, wọ́n á pe gírédà. Gírédà á fi abẹ rẹ̀ ha ojú ọ̀nà látòkè délẹ̀, á kó ilẹ̀ tó ti dì gbagidi kúrò, á fi èyí tó rọ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa á pàtẹ́wọ́ nítorí ojú ọ̀nà ń dán. Òjò oṣù kẹrin á dé, á gbé ilẹ̀ rírọ̀ yẹn lọ sódò. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, a ó tún dá owó, a ó tún pe gírédà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀nà fúnra rẹ̀ di gọ́tà, a sì tún fi owó ara wa gbẹ́ ẹ.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún àbò. Ọkọ̀ kò lè wọlé mọ́, ìta gbangba lẹ́bàá títì ni onímọ́tò ń gbé tirẹ̀ sí sùn. Ọlọ́kadà á wọlé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á ní kí èrò sọ̀ sí òkè. Ọmọbìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ á wá fẹsẹ̀ rìn ìyókù nínú òkùnkùn. Àgbàrá ti hú ìdí òpó iná, ọ̀kan ti wó, àwọn tó kù tẹ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ là, onílé kó jáde, àwọn tí a kò mọ̀ sì ti sọ ọ́ di ibùba. Ẹgbẹ́ wá gba ọlọ́dẹ méjì. Mo bá wọn rìn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kíyè sí i pé wọn kì í fọn fèrè kọjá ìdajì òpópó. Mo bi wọ́n léèrè. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Bàbá, tí mo bá ṣubú sínú kòtò yẹn lóru, ta ni yóò gbé mi?" N kò rí èsì fún un. Iye kan náà ni àwọn ará ìsàlẹ̀ òpópó àti àwọn ti òkè ń san fún owó ọlọ́dẹ o.

Ìdí tí mo fi ní ká kọ́kọ́ la gọ́tà nìyẹn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ panápaná, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ibi tí wọn kò bá lè dé, kò sí àbò níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọlọ́dẹ mẹ́wàá ni ẹ gbà.

Báwo ni ká ṣe ṣe é? Ẹ fi gírédà sílẹ̀ ná. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ gbé agbòjò, kí wọ́n rìn láti òkè òpópó dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n wo ibi tí omi ti ń wọ ọ̀nà, ibi tó ti ń ya kúrò, àti géètì ilé tí ó ti ń tú jáde. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú omi tó ń ba ọ̀nà jẹ́, láti orí páànù àti àgbàlá tí a fi kọnkéré tẹ́ ló ti ń wá. Onílé tẹ́ àgbàlá rẹ̀, ó dára lójú, ó sì darí gbogbo omi rẹ̀ sí ojú títì. Ẹni yẹn ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀, kódà tó bá jẹ́ alága.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àárín ọ̀nà sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè pín sí gọ́tà ọ̀tún àti tòsì. Yangí ni kí ẹ dà sí i, kì í ṣe yanrìn, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí òjò tó dé. Níbi tí omi ti ní láti gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, ẹ ri ríìngì kọnkéré sílẹ̀, kí ó fẹ̀ tó ibi tí ọmọdé lè rá pálá wọ̀ láti kó pàǹtírí jáde. Èyí tó há ń dí láàárín òjò kan.

Lórí kọnkéré, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, gbogbo wa sì mọ bó ṣe wọ́n tó. Bíríkìlà máa ń po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Níbi tí owó wa ti ń ṣòfò ni ọjọ́ kejì. Kọnkéré ń fẹ́ kí a máa bu omi lé e lórí fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Àwa ń fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, ọlọ́kadà sì ti ń gun orí rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ fún àwọn ọmọdé tó ń gbé nítòsí ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Owó bisikíìtì ni yóò ná yín.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé iṣẹ́ wa nìyí? Ìjọba ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ ọ́ sínú àfikún rẹ̀ kẹrin pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ẹ máa béèrè. Ẹ̀yin ará Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Kínnírà ni sẹkitéríátì yín wà. Ẹ̀yin ará Gúúsù, Aròwómọlẹ̀. Ẹ̀yin tó ti Sùúrùlérè, Ògo Olúwa àti Oríire wá, ẹ mọ tiyín. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀ ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lọ kí alága káńsù lẹ́nu lásán, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á darí wálé. Ìkíni kò ní fáìlì.

Ẹ sì rántí pé ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Nínú CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé ṣe pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà kópa nínú rẹ̀, àdúgbò ló ń yan ohun tó fẹ́ nígbà náà, òun ló sì ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ wá. Tí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé ìṣirò, níbo ló ti fẹ́ bá wọn dá ìdá mẹ́wàá?

Ìwé ìṣirò náà ni mo fẹ́ kàn. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ọdún 1969. Ìjà owó-orí ọdún yẹn gba ẹ̀mí, ó gba ẹ̀mí Ọba tó wà lórí oyè ní Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. N kò fẹ́ tu egbò náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé inú ènìyàn kì í dùn sí kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ òun kó má rí ohun tí wọ́n fi ṣe. Owó tí ẹ dá lóṣù yìí àti ohun tí ẹ ná an lé, ẹ kọ ọ́ sórí pátákó síbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kìkì orí WhatsApp, nítorí ìyá tó ń ta ọ̀gì kò sí nínú gúrúùpù yẹn.

Mo sì fẹ́ gbèjà àwọn ayálégbé díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, àwọn àdúgbò bí Under G àti Adéníkẹ kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń san owó àbò, ṣùgbọ́n a kì í pè wọ́n sí ìpàdé onílé. Bẹ́ẹ̀, àwọn ni olè ń jí fóònù àti kọ̀ǹpútà wọn, àwọn ló sì ń mọ̀ nígbà tí àjèjì bá ti ń wọlé jáde ní yàrá kejì. Ẹ fún wọn ní àga méjì. Ẹ fún àwọn obìnrin tó ń ṣọjà alẹ́ ní méjì pẹ̀lú, kí ẹ má sì pe ìpàdé sí àkókò tí wọ́n ń dáná.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ wá kù. Ẹni tí ẹ bá gbà, ẹ mọ ilé baba rẹ̀, ẹ gba onídùúró, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín. Ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ, òfin kò gbà á, ì báà jẹ́ ṣakabùlà. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àdúgbò ni ìròyìn tó yá. Nọ́ńbà 615 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Ẹ kọ ọ́ sára géètì.

Géètì yẹn ńkọ́? Mo lòdì sí èyí tí ẹnìkan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àdúgbò tó ti géètì mẹ́rin pa ní agogo mẹ́wàá, tí olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ sì sùn, ti ti iná àti aláìsàn mọ́lé. Kí kọ́kọ́rọ́ wà nílé mẹ́ta, ó kéré tán, kí a sì kọ orúkọ àwọn ilé náà síbẹ̀.

Ìyá kan láti Máṣífà béèrè pé tí wọ́n bá mú ọmọ kan tó ń jalè lóru, kí ni kí wọ́n ṣe kí ó tó di pé àwọn ọ̀dọ́ gbé táyà dé. Mo ní ẹnikẹ́ni lè mú ọ̀daràn tó rí lórí ìwà ọ̀daràn, òfin gbà á, ṣùgbọ́n kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Ẹni tó bá lù ú pa ti di apààyàn, alága tó bá wà níbẹ̀ tó ń wòran náà á rojọ́. Kí ẹgbẹ́ ti yan ẹni méjì tí ẹnu wọn tólẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dúró ti ẹni tí a mú títí ọlọ́pàá yóò fi dé. Ìyá náà ní òun á jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìbéèrè kejì jẹ́ ti tiransifọ́mà. Àdúgbò kan ti dá owó rẹpẹtẹ, wọ́n ti fẹ́ lọ rà á. Mo ní kí wọ́n dúró ná. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí iná mànàmáná, ti sọ ọ́ pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà. Tí ẹ bá rà á láìsí ìwé, yóò di ti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná. Tí ẹ bá rí i pé ẹ kò lè dúró, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ó wà nínú rẹ̀ iye tí ẹ ná àti bí wọn yóò ṣe san án padà. Bàbá tó béèrè ní, tí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ńkọ́? Mo ní kí wọ́n fi owó náà la gọ́tà.