Kànga tí Bàbá Wà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ètè gbígbẹ. Ní Ṣábẹ níbí, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láàárọ̀ yìí kùrukùru bo òkè dé ìdajì, orí àpáta nìkan ló yọ bí ẹni tó da aṣọ bora tó wá yọ orí síta, mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife ẹ̀kọ gbígbóná, n ò tíì gbàdúrà kankan, mo kàn ń wò ó ni, ó wá ń ṣe mí bíi pé Bàbá máa tó pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé "Ẹ ò tíì dìde? Oòrùn ò ní dúró dè yín o!"

Ó ti pé ọdún 3 tí Bàbá wa ti lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ilé ò gbà wọ́n. Wọ́n á ti wà lóko láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tó bá tún di Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí ẹlòmíì ti máa sùn, wọ́n á kó gbogbo wa, àti Màmá tí wọ́n ń kùn yùnmù lẹ́yìn, ó di orí òkè, àbí ká gba ọ̀nà Odò Ọ̀kpárà lọ pẹ̀lú ìwọ̀ ẹja. Bàtà rọ́bà dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àdá wọn, táyà inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wé èkù rẹ̀. Iṣu sísun wà nínú láílọ́ọ̀nù, epo pupa wà nínú ìgò oògùn ikọ́ kékeré, tí òórùn oògùn yẹn ò kúrò nínú ẹ̀ títí ayé, títí dòní tí mo bá jẹ iṣu sísun tí kò rùn bí oògùn ikọ́ mi ò gbà pé ó pé.

Gbogbo ibi tá a bá gbà kọjá ni wọ́n sọ lórúkọ. Ibì kan wà tó ń jẹ́ Màmá-Yọ̀-Níbí, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Màmá ò sì fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá. Àpáta pẹrẹsẹ tó wà lókè pátápátá ń jẹ́ Sàlọ́ọ̀nù, ìyẹn pálọ̀. Tá a bá dé ibẹ̀, tí gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á dúró bí onílé, wọ́n á ní "Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé," lórí àpáta o, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé fìlà! A sì máa nu ẹsẹ̀. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ka, ọ̀nà Kútọnu rèé, rélùwéè rèé, àárín àwọn òkúta yìí làwọn bàbá ńlá yín sá sí nígbà ogun Dàhòmì, ẹ fọwọ́ kàn án. A máa fọwọ́ kàn án. Ó máa ń tutù láàárọ̀.

Nígbà ìsìnkú wọn, ẹbí tẹ àfíṣì ńlá, wọ́n fi kọ̀ǹpútà gbé kóòtù àti táì wọ̀ wọ́n nínú fótò. Bàbá wa tí kò wọ kóòtù rí! N ò bínú sí ẹnikẹ́ni sha, ìfẹ́ ni. Àmọ́ mo wò ó, mi ò mọ ẹni náà.

Ẹ bá mi ṣí Jẹ́nẹ́sísì 26, ẹsẹ 18. Ísáákì tún àwọn kànga tí wọ́n wà láyé Ábúráhámù bàbá rẹ̀ wà, torí àwọn Fílístínì ti dí wọn lẹ́yìn ikú bàbá náà, ó sì pe orúkọ wọn bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ wọ́n. Ísáákì yìí náà, ilé ò gbà á bíi Bàbá, orí kẹrìnlélógún sọ pé inú pápá ló ti ń ṣàṣàrò ní ìrọ̀lẹ́ tí ràkúnmí tó gbé ìyàwó ẹ̀ bọ̀ fi yọ. Ẹ wá kíyè sí i, òun náà máa wa kànga tiẹ̀ tó bá yá, Ésékì, Sítínà, Réhóbótì, òun ló sọ gbogbo wọn lórúkọ. Àmọ́ tí bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, kò sì pa orúkọ kankan dà.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí bá èmi gan-an wí. Tusẹ́ẹ̀nì tó kọjá, ìyẹn ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, a lọ tún sàréè ṣe, a tan àbẹ́là, a gbàdúrà, ó tán. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, wá ní òun fẹ́ rí Sàlọ́ọ̀nù Bàbá àgbà. Mo ní kò burú, a gòkè. Ẹ gbà mí o, n ò rí ọ̀nà! Èmi tí mo ń fi eré gùn ún. Koríko ga jù mí lọ, ọmọ Fúlàní kan tó ń da màlúù ló mú wa sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi ń wò mí lójú. Fílístínì tèmi kì í ṣèèyàn, koríko ni, koríko ọdún 3 péré. Sáàmù 103 ní ọjọ́ ènìyàn dàbí koríko, afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá lórí rẹ̀, ibùjókòó rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Mo gbà. Àpáta ò lè rántí Bàbá. Èmi ló yẹ kí n rántí ibi tí àpáta wà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, a dúpẹ́ fún bàbá tí kò fi ẹbí ẹ̀ sílẹ̀ nílé tó bá ń lọ síbi tínú ẹ̀ dùn sí. Àmín.

Bàbá, ẹni tó sọkún sùn lánàá nítorí ẹni tó ti lọ, bó o ṣe tu Ísáákì nínú lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, tù ú nínú. Opó tó ń wo bàtà ọkọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò tíì lè gbé e kúrò, má jẹ́ kí wọ́n kán an lójú, jẹ́ kó fi sílẹ̀ títí ọkàn ẹ̀ á fi balẹ̀. Àmín.

Gbogbo kànga tí àwọn bàbá wa wà tó ti dí, oko ni o, ẹja pípa ni o, ìtàn ni o, Olúwa fún wa lókun apá láti tún un wà, kó o sì dá àwọn ọmọ wa sí tó máa mu níbẹ̀. Àmín.

Ẹsẹ̀ wa ò ní yọ̀ lónìí, àfi níbi tí Màmá ti yọ̀ nìkan, ibẹ̀ náà Olúwa gbà wọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí ọyẹ́ bá ká díẹ̀, èmi àti àbúrò mi méjèèjì ń lọ ro ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ní àdá kó gbé e wá, ẹ má sì gbàgbé omi, oòrùn orí òkè yẹn kì í ṣe eré.