Ìgbà Wo Ni Orin Wa Dùn Jù? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ará Ọ̀yọ́ Sọ

Àwọn tó pè mí wá sọ̀rọ̀ nílùú Ọ̀yọ́ fún mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú gbogbo orin tí àwa Yorùbá ti jó sí láti ìgbà giramafóònù títí di ìgbà fóònù, ti ìgbà wo ló dára jù? Mo kọ ọ̀rọ̀ náà síbí fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò ti gbà wá láàyè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi òde Sátidé sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó. N kò ní fi ìdáhùn mi pamọ́. Lójú tèmi, orin wa dùn jù láàárín nǹkan bí 1970 sí 1985. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń wí, ìyàtọ̀ yẹn ni mo sì bá wá.

Ní 1989, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Morris Holbrook àti Robert Schindler, gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n lu orin oríṣiríṣi ìgbà fún tọmọdé tàgbà, wọ́n ní kí oníkálùkù sọ bí èyí tó gbọ́ ṣe wù ú tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé orin tó gbòde nígbà tí ènìyàn wà ní nǹkan bí ẹni ọdún 23 tàbí 24 ló máa ń wù ú jù. Ẹ fi ara yín wò ó. Bàbá tó pé ọdún 23 ní 1976, Obey àti Sunny Adé ló ń gbọ́ nígbà tó ń wá ìyàwó, nígbà tó kọ́kọ́ gba owó oṣù, nígbà tí kò mọ̀ pé orúnkún máa ń dun ènìyàn. Bó bá gbọ́ gìtá yẹn lónìí, gbogbo ìyẹn ló ń bá a dìde. Kò parọ́ bó bá ní orin náà dùn. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun ló dùn jù fún gbogbo ayé, ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó pé ọdún 23 ní 2008, nígbà tí orin 9ice gba ìgboro kan, á sọ bákan náà nípa orin tirẹ̀.

Ohun kejì tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé orin tí kò dáa kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwo tó jáde láàárín 1970 sí 1980 pọ̀ rẹpẹtẹ. Èyí tó dùn nínú wọn làwọn ènìyàn tọ́jú, òun ni wọ́n ṣì ń lù lóde ìgbéyàwó títí di òní. Èyí tí kò dùn, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. A wá mú ààyò ìgbà yẹn, a gbé e ko gbogbo ohun tó jáde lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, àtèyí tó dáa àtèyí tí kò dáa, a ní ayé ti bàjẹ́. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Àwọn àgbà mìíràn a sì tún sọ pé orin àtijọ́ kò ní ìsọkúsọ nínú. Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀, mo máa ń bi í bóyá ó ti gbọ́ àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà délẹ̀. Ọ̀gá lọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ ṣì ń gún mi lára títí di òní, ṣùgbọ́n èébú àti òkò ọ̀rọ̀ kún inú orin rẹ̀. Barrister àti Kollington náà bú ara wọn nínú àwo débi pé nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n á wà lẹ́yìn eléyìí, àbúrò á wà lẹ́yìn tọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tì ná, ká wo ohun tó ń gbé orin wọlé tọ̀ wá. Àwo giramafóònù tí àwọn bàbá bàbá wa mọ̀, èyí tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í gbà tó ìṣẹ́jú 4. Ó wúwo, bó bá sì já bọ́, ó di àfọ́kù. Irú àwo yẹn ni Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ jùjú sí ní Èkó láàárín 1930 sí 1940. Olórin tó lè fi odindi wákàtí ki onílé, kó ki ìyàwó rẹ̀, kó ki àna rẹ̀, ní láti ká gbogbo rẹ̀ kúrú kí abẹ́rẹ́ tó dé òpin.

Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, okùn tú lọ́rùn olórin. Gìtá Obey tàbí ti Sunny Adé á ṣíde, wọ́n á da orin mẹ́rin márùn-ún pọ̀ tẹ̀lé ara wọn láìdúró, àwọn elégbè á máa dáhùn, gángan á gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, gìtá á tún padà dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣeré lójú agbo gan-an nìyẹn. Ohun tí ènìyàn ń gbọ́ nílé wá jọ ohun tó gbọ́ lóde àríyá, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì tún wá fi kún un: ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú 90. Èyí bá fújì lára mu púpọ̀, torí inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì ni fújì ti jáde, ẹni tó ń kọ wéré kì í wo aago.

Ẹ wá wo òní. Lórí Spotify, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n ti kà á fún olórin náà, ìbáà jẹ́ orin ìṣẹ́jú 3, ìbáà jẹ́ ti ìṣẹ́jú 18. Kí ló máa mú ọmọ tó fẹ́ fi orin jẹun kọ ọ́ gùn? Ẹ̀yin àgbà tó ń sọ pé àwọn ọmọ yìí kò ní sùúrù, gígùn orin bàbá bàbá yín ni orin wọn padà sí. Nígbà méjèèjì, ohun tó gbé orin ló gé e.

Mo wá padà sí 1970 sí 1985 tí mo mú. Rògbòdìyàn 1966 àti ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e ti mú ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó jẹ́ ọmọ Ìgbò kúrò ní Èkó àti Ìbàdàn, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún jùjú. Ogun parí, owó epo rọ̀bì dé. Àwọn ènìyàn ń ṣílé, wọ́n ń sìnkú òbí, wọ́n ń jẹ oyè, olórin ni wọ́n sì ń pè sí gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá olórin lè kó nǹkan bí ogún ènìyàn lọ sójú agbo, kí onígìtá, onílù àti elégbè máa jẹun nídìí iṣẹ́ náà, kí wọ́n máa ṣeré mọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọwọ́ wọn á fi mọ ara wọn. Wọ́n tún ń ṣọ́ ara wọn: Obey ń ṣọ́ Sunny, Barrister ń ṣọ́ Kollington, Hárúnà Ìṣọ̀lá ń ṣọ́ Ọmọwúrà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Sunny Adé sọ́jà àgbáyé ní 1982, orin tí àwọn aláwọ̀ funfun ń yà lẹ́nu sí yẹn, òde ìnáwó wa ló ti gbó.

Ohun tí mo ń dárò nìyẹn. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba pè ní SAP dé ní 1986, náírà wó, gìtá àti sípíkà wọ́n gógó, àríyá òru di ohun ẹ̀rù nítorí adigunjalè. Ta ni yóò tún máa bọ́ ogún ènìyàn? Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, tí ọmọ kan lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ọwọ́dé kó dá ṣe ìlù, dùùrù àti ègbè, n kò rí ohun tí a lè fi dá a lẹ́bi. Ohun tó sọnù ni àwọn ènìyàn tó ń jọ ṣiṣẹ́, tí èyí tó kéré nínú wọn ń kọ́ nǹkan lọ́wọ́ èyí tó dàgbà láìsí pé ẹnì kankan jókòó kọ́ ọ.

Ọ̀yọ́ la wà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìlù. Jùjú kò bá gángan dáyé; ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú rẹ̀. Kollington ló gbé bàtá, ìlù Ṣàngó, wọ inú fújì. Ìlú yìí ni irú ìlù bẹ́ẹ̀ ti ń jí ọba, láti ìran dé ìran. Níbi ìgbéyàwó kan lọ́nà Awẹ́ ni mo ti rí ohun tó tún èrò mi ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. DJ ni wọ́n gbà, kò sí ẹgbẹ́ olórin. Onígángan méjì tó jẹ́ ọmọ Àyàn yà síbẹ̀, wọ́n ki bàbá ìyàwó tán, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ. Àwọn yẹn kàn ń wo wọ́n, torí wọn ò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Èyí tó dàgbà nínú àwọn onílù náà dá ọwọ́ dúró. Ó fetí sí orin Asake tí DJ ń lù. Ó gbé ìlù há abíyá, ó fún ọṣán rẹ̀ díẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fún un, ó ń wá ibi tí ohùn elégbè wà. Ó rí i. Kò pẹ́ tí gángan náà fi ń sọ ègbè orin yẹn láìṣì ohùn kan, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ náà pariwo, wọ́n ń fi ẹnu dá ìlù lóhùn, wọ́n gbàgbé DJ. Ìgbà tó ti gba ọkàn wọn tán ló tẹ̀ síwájú ọkọ ìyàwó, ó bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Ọmọ náà dárúkọ bàbá rẹ̀ àti agbolé wọn, ìlù gba oríkì náà, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí iwájú onílù.

Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe ni pé ègbè ọ̀pọ̀ ènìyàn tí Asake ń lò, ti fújì ni, ó sì ń tẹ̀lé ohùn èdè wa. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn orin ìgbàkígbà nìyẹn: bí a bá fún onígángan, ṣé ó lè sọ ọ́ kí á gbọ́? Orin kan wà lónìí tí kò lè ṣe é, torí olórin náà ń fi ohùn òkè síbi tó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á wá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá sórí ohùn orin ilẹ̀ òyìnbó, tí àwọn ìyá ìyá wa fi tọkàntọkàn kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju 100 ọdún lọ.

Bàbá kan níjókòó sọ pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lè dé ààfin láé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó rántí ohun tí a ń pe fújì nígbà kan: orin ọmọ ìta. Mo rántí àwọn àgbà tó ń mi orí nígbà tí Talazo, àwo fújì Wàsíù Àyìndé, jáde ní 1984, wọ́n ní ó yára jù, ó ti ba iṣẹ́ Barrister jẹ́. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta dé Sàláwà Àbẹ̀ní ládé gẹ́gẹ́ bí ọbabìnrin wákà. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2020, Aláàfin yìí kan náà fi Wàsíù Àyìndé jẹ Mayégún ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 36 ló wà láàárín Talazo àti oyè yẹn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò ní sí láyé nígbà tí wọ́n bá ń fi Asake joyè.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan ló bi í. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwo ò sí nílé wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá mi fi sílẹ̀, ó kún inú páálí. Ṣé ó ṣì wúlò?” Ó wúlò ju àwo lọ, ọmọ mi. Àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan gbé rẹ́kọ́dà lọ gbà lóde ìsìnkú ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló wà láyé, bẹ́ẹ̀ olórin kì í kọ lóde bó ṣe kọ sínú àwo.

Mo ní kó kọ́kọ́ wo tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ níta gbangba. Bó bá ti hu ohun funfun, kó má fi sínú ẹ̀rọ rárá, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Èyí tó mọ́, kó ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà létí rẹ̀ lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Kó yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan, kó tó wá fi wáyà so ihò ìgbọ́rọ̀ ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, kó gbà á sílẹ̀ láìgé ibì kankan, títí kan ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó kọ ọdún, ibi tí wọ́n ti ṣeré àti ẹni tó ni òde náà sílẹ̀. Bó bá sì gbọ́ onílù kan tí ẹnikẹ́ni nílé wọn ò mọ̀, kó gbé ohùn náà lọ sí agbolé àwọn Àyàn. Bí àgbà kan níbẹ̀ bá gbọ́ ọwọ́ yẹn, á dárúkọ ẹni tó ni ín.